Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Ẹ̀yà fún Kọ̀ǹpútà Alágbára Tí Ẹ Fẹ́ Fọwọ́ Ara Yín Tò

Ìbéèrè kan náà ló ń wọlé tọ̀ mí wá léraléra: “Mo fẹ́ to kọ̀ǹpútà tó lágbára fúnra mi, àwọn ẹ̀yà wo ni kí n rà?” Àwọn míì á ti ra káàdì gíráfíìkì kí wọ́n tó béèrè, wọ́n á wá máa wá ohun tí yóò gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé orúkọ ẹ̀yà tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, kí ẹ mọ ètò tí a fi ń yàn wọ́n. Bí ẹ bá tẹ̀ lé ètò náà, ìpinnu kan á máa la ọ̀nà fún èkejì títí àkójọ yín á fi pé. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti àárín, ẹ lè fi owó gọbọi ra ohun tó dára tí kò ní bá èyí tó kù ṣiṣẹ́.

Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni mo ń sọ, èyí tí ẹ ó fi ṣe géèmù ńlá, àtúntò fídíò, àwòrán 3D, iṣẹ́ kóòdù tàbí AI nínú ilé.

## Ẹ kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀ ná

1. Iṣẹ́ tí yóò máa ṣe jù. Ẹ má kọ “gbogbo nǹkan”. Ẹ dárúkọ géèmù tàbí ètò tí ẹ ó máa lò gan-an, kí ẹ lọ wo irú kọ̀ǹpútà tí àwọn tó ṣe é ní kí ẹ fi lò ó.
2. Síkirínì tí ẹ ó lò. Bó ṣe fẹ̀ tó, iye àmì àwòrán tó ní, àti iye Hz rẹ̀, ìyẹn iye ìgbà tó ń yí àwòrán padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.
3. Iye owó tí ẹ kò ní kọjá. Bí ẹ kò bá tíì ní síkirínì, kíbọ́ọ̀dù àti Windows, owó wọn gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀.

Nọ́ńbà kejì yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò. Síkirínì 3840×2160 ní ìlọ́po mẹ́rin àmì àwòrán tí síkirínì 1920×1080 ní, káàdì gíráfíìkì ló sì ń ya gbogbo wọn ní ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó ń lo 1920×1080 tó lọ ra káàdì tó tóbi jù lórí àtẹ ti ra agbára tí kò níbi tí yóò lò ó. Ẹni tó sì fi káàdì kékeré gbé síkirínì 4K (3840×2160 yẹn), kò sí CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) olówó ńlá tó lè gbà á sílẹ̀. Fún géèmù, 2560×1440 ní 144 Hz lọ sókè ni mo máa ń dámọ̀ràn: àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere, káàdì agbedeméjì sì lè gbé e.

## Igbésẹ̀ 1: Káàdì gíráfíìkì

Bó bá jẹ́ géèmù, 3D tàbí AI ni iṣẹ́ yín, ibí ni owó tó pọ̀ jù máa lọ, ẹ jẹ́ kó lọ síbẹ̀. Bó bá jẹ́ kóòdù tàbí orin, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Igbésẹ̀ 2, kí ẹ wá fi ohun tó bá ṣẹ́ kù ra káàdì.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó wò ni ìrántí orí káàdì, tí wọ́n ń pè ní VRAM. Bí géèmù bá fẹ́ ju èyí tó wà níbẹ̀ lọ, yóò máa lọ yá lára RAM, ìrántí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, RAM sì jìnnà sí káàdì. Ẹ ó rí i tí àwòrán á dúró lójijì, tí á tún sáré, tí á tún dúró. Fún kọ̀ǹpútà tí ẹ fẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ yín:

- 1920×1080: 8 GB ṣì ń gbé e, àmọ́ èmi kò ní fi ra káàdì tuntun mọ́
- 2560×1440: 12 GB ló kéré jù, 16 GB ló fọkàn ẹni balẹ̀
- 3840×2160: 16 GB lọ sókè
- AI nínú ilé: iye VRAM tí owó yín bá ti lè ká, torí bí módẹ́ẹ̀lì kò bá wọ inú rẹ̀ tán, iṣẹ́ á falẹ̀ gan-an

Lára àwọn tó jáde ní 2025 (RTX ni ti NVIDIA, RX ni ti AMD), RTX 5070 ní 12 GB. RTX 5070 Ti, RTX 5080 àti RX 9070 XT ní 16 GB lọ́kọ̀ọ̀kan, RTX 5090 sì ní 32 GB.

Ẹ ṣọ́ra: RTX 5060 Ti wà ní 8 GB, ó tún wà ní 16 GB. Bẹ́ẹ̀ náà ni RX 9060 XT. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ẹni tó ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì sì lè má kọ ju orúkọ lọ. Ẹ wá nọ́ńbà yẹn lójú páálí kí ẹ tó sanwó.

Ṣé AMD ni àbí NVIDIA? Fún géèmù nìkan, èyí tó bá fún yín ní VRAM tó pọ̀ jù àti iyára tó dára jù lórí iye owó yín ni kí ẹ mú. Fún Blender (ètò àwòrán 3D) àti ọ̀pọ̀ ohun èlò AI, NVIDIA ni èmi máa mú, torí pé CUDA, ohun èlò kóòdù ti NVIDIA fúnra wọn, ni wọ́n kọ́kọ́ fi kọ púpọ̀ nínú wọn.

Kí ẹ tó kúrò níbí, ẹ kọ nǹkan méjì sílẹ̀ nípa káàdì tí ẹ yàn: gígùn rẹ̀ ní mm, àti iye wọ́ọ̀tì tó ń jẹ. A ó lò wọ́n níwájú.

## Igbésẹ̀ 2: CPU

Géèmù kò nílò kọ́ọ̀ (àwọn òṣìṣẹ́ inú CPU) tó pọ̀ lọ súà. Mẹ́fà sí mẹ́jọ tó yára ti tó. Ohun tó ń ràn án lọ́wọ́ jù ni cache, ìrántí kékeré tó wà nínú CPU fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Ryzen 7 9800X3D ti AMD, tó ní kọ́ọ̀ 8 péré àmọ́ tó ní cache L3 tó tó 96 MB, fi ń yára nínú géèmù ju Ryzen 9 9950X tó ní kọ́ọ̀ 16 lọ.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àwòrán 3D ni CPU yín yóò máa yà, tàbí ètò ńlá ni ẹ ó máa fi kóòdù kọ́, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Kọ́ọ̀ ni ẹ ń wá: Ryzen 9 9950X tàbí Core Ultra 9 285K ti Intel, tó ní kọ́ọ̀ 24, á fi èyí tó kéré sílẹ̀ sẹ́yìn pátápátá. Ẹni tó ń tún fídíò tò lè fojú sí Intel, torí Quick Sync tó wà nínú gíráfíìkì inú CPU rẹ̀ ń ṣí irú fáìlì kan láti inú kámẹ́rà tí àwọn ẹlòmíì ń bá jìjàkadì.

Àṣìṣe méjì tó wọ́pọ̀:

- Lẹ́tà F ní ìparí orúkọ. CPU tó bá ní F kò ní gíráfíìkì tirẹ̀. Kì í ṣe ohun burúkú, ó sì máa ń dínwó. Àmọ́ bí káàdì yín bá ní wàhálà lọ́jọ́ kan, ẹ kò ní rí àwòrán kankan láti fi wá ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Bí owó bá gbà á, ẹ mú èyí tí kò ní F.
- Àlòkù Intel ìran 13 àti 14. Ní 2024, Intel jẹ́wọ́ pé fóltéèjì tó pọ̀ jù ń ba àwọn kan nínú wọn jẹ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì gbé àtúnṣe jáde tí ẹ ó gbà nípasẹ̀ BIOS, ètò kékeré tó ń jí kọ̀ǹpútà. Àtúnṣe náà ń dáàbò bo èyí tó ṣì dáa, kò lè wo èyí tó ti bàjẹ́ sàn. Ẹ má ra àlòkù wọn láìmọ̀ bóyá ẹni tó ń tà á ti ṣe àtúnṣe náà tipẹ́.

## Igbésẹ̀ 3: Mọ́dábọ́ọ̀dù

Mọ́dábọ́ọ̀dù ni pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ń so mọ́. CPU tí ẹ yàn ti pinnu sọ́kẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ibi tí CPU ń jókòó sí lórí rẹ̀, tí ẹ ó wá (DDR4 àti DDR5 jẹ́ ìran RAM):

- AM5: Ryzen 7000, 8000 àti 9000, DDR5 nìkan
- AM4: Ryzen àtijọ́ títí dé 5000, DDR4
- LGA1851: Core Ultra 200S, DDR5 nìkan
- LGA1700: Intel Core ìran 12, 13 àti 14, DDR4 tàbí DDR5, bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu tirẹ̀

Bí ẹ bá ń bẹ̀rẹ̀ láti òdo, AM5 ni mo fẹ́ràn jù. AMD ti ṣèlérí pé àwọn á máa ṣe CPU fún un títí dé 2027 ó kéré tán, nítorí náà ẹ lè fi CPU agbedeméjì bẹ̀rẹ̀ lónìí, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ nìkan lọ́jọ́ iwájú.

Lẹ́yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ wo ìwọ̀n rẹ̀. ATX jẹ́ 305×244 mm, micro-ATX tó tóbi jù jẹ́ 244×244 mm, Mini-ITX jẹ́ 170×170 mm. Ẹ wo iye ihò M.2 tó ní fún SSD, ibi tí fáìlì yín ń gbé, kí ẹ sì ṣí ìwé ìlò bọ́ọ̀dù náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì *kí ẹ tó rà á*. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń kọ ọ́ wẹ́wẹ́ pé bí ẹ bá ki SSD sí ihò kan, ihò káàdì gíráfíìkì á pàdánù ìdajì ọ̀nà rẹ̀, tàbí ihò SATA (ti dísíìkì irú àtijọ́) méjì á kú.

Ẹ tún wá BIOS Flashback. Bọ́ọ̀dù tó ti pẹ́ lórí àtẹ lè má dá CPU tuntun mọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni kò lè tan láti gba BIOS tuntun. Flashback ń jẹ́ kí ẹ fi fáláàṣì USB tún un ṣe láìsí CPU nínú rẹ̀ rárá.

Iná mèremère àti àwòrán tó wà lára bọ́ọ̀dù olówó ńlá kò fi iyára kankan kún un. Ohun tí ẹ lè sanwó fún ni irin tó nípọn lórí VRM, ìyẹn apá tó ń fún CPU ní iná, pàápàá bí CPU yín bá ní kọ́ọ̀ 12 lọ sókè.

## Igbésẹ̀ 4: RAM

32 GB fún géèmù, 64 GB fún fídíò ńlá àti 3D. Fún Ryzen orí AM5, DDR5-6000 CL30 (6000 ni iyára rẹ̀, CL ni bó ṣe ń pẹ́ tó kó tó dáhùn) ni ibi tí owó àti iyára ti pàdé. Èyí tó yára jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń wọ́n, àǹfààní rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

- Ẹ ra méjì tó wà nínú páálí kan náà. Ẹ má ra ọ̀kan lónìí kí ẹ wá wá ìkejì rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, orúkọ lè bára mu kí inú rẹ̀ má bára mu.
- Ẹ má ki mẹ́rin bí méjì bá lè tó iye GB tí ẹ fẹ́. DDR5 mẹ́rin máa ń mú kí iyára wálẹ̀ gan-an.
- Bí ihò bá jẹ́ mẹ́rin, ìkejì àti ìkẹrin láti ọ̀dọ̀ CPU ni ẹ ó lò, àfi bí ìwé ìlò bá sọ ohun mìíràn.

## Igbésẹ̀ 5: SSD

Kò yẹ kí èyí gbà yín lákòókò. Ẹ ra NVMe PCIe 4.0, irú SSD tó ń wọ ihò M.2: 1 TB ló kéré jù, 2 TB ló dára. Ó ń ka nǹkan bí 7,000 MB láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí SATA kì í kọjá nǹkan bí 550. PCIe 5.0 lè dé 14,000, àmọ́ bí géèmù bá ń ṣí, ojú yín kò ní rí ìyàtọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń gbé fáìlì fídíò ràgàjì-ràgàjì káàkiri lójoojúmọ́ nìkan ni mo lè sọ fún pé kó rà á.

## Igbésẹ̀ 6: Páwà sọ́pùláì

Òun ló ń pín iná fún gbogbo ẹ̀yà. Ibi tí èèyàn ti ń wá ẹ̀dínwó jù nìyí, ibẹ̀ náà ni mo ti ń bẹ̀ yín jù. Bí páwà sọ́pùláì tí kò dáa bá bàjẹ́, ó lè kó bọ́ọ̀dù, káàdì àti SSD lọ pẹ̀lú ara rẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa ṣírò rẹ̀ nìyí:

1. Ẹ kọ wọ́ọ̀tì káàdì. RTX 5070 ń jẹ 250, RTX 5070 Ti 300, RTX 5080 360, RTX 5090 575.
2. Ẹ kọ wọ́ọ̀tì tó pọ̀ jù tí CPU lè jẹ.
3. Ẹ fi 100 kún un fún bọ́ọ̀dù, RAM, SSD àti fáànù.
4. Ẹ fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àròpọ̀ náà kún un.

Ẹ jẹ́ ká fi RTX 5080 wò ó: 360, CPU 200, èyí tó kù 100, ó di 660. Bí ẹ bá fi ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ kún un, ó di 880. 850 sún mọ́ ọn, á sì gbé e dáadáa, òun náà sì ni NVIDIA fúnra wọn dámọ̀ràn. Fún RTX 5090, 1000 ni wọ́n ní kó kéré jù. Àyè tí ẹ fi sílẹ̀ yìí kì í ṣe ìfowóṣòfò: káàdì ìgbàlódé máa ń já iná gbà lójijì, kọjá iye tó wà lójú ìwé rẹ̀, fún ìdá bíńtín nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Páwà sọ́pùláì tí kò ní àyè á pa ara rẹ̀, ẹ ó wá rò pé géèmù ló ní àrùn.

Àmì 80 Plus kò sọ gbogbo rẹ̀. Bronze, Gold, Platinum ń sọ bí iná tó ń ṣòfò sí ooru ṣe kéré tó. Kò sọ bí iná tó ń tú jáde ṣe dúró ṣinṣin tó, tàbí bóyá ààbò inú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ẹ wá àyẹ̀wò àwọn tó tú u palẹ̀, kí ẹ sì wo bóyá àtìlẹ́yìn ọdún púpọ̀ wà lára rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ ATX 3.1 sí lára ni kí ẹ wá fún káàdì tuntun.

Wáyà onírin 16. Àwọn káàdì RTX ńlá ń gba iná nípasẹ̀ wáyà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní 12V-2x6, tó lè gbé tó 600 wọ́ọ̀tì. Láti 2022 ni a ti ń rí àwọn tí ẹnu wáyà àkọ́kọ́ irú rẹ̀ yọ́ lára RTX 4090, ọ̀kan lára ohun tó ń fà á sì ni pé wáyà náà kò wọlé tán. Torí náà, ẹ tì í wọlé kí káàdì tó wọnú kéèsì (àpótí kọ̀ǹpútà), níbi tí ọwọ́ yín ti láyè. Ẹ fi ojú wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: kò gbọ́dọ̀ sí àlàfo kankan láàárín ẹnu wáyà àti ara káàdì. Ẹ fà á díẹ̀, kò gbọ́dọ̀ mì. Kí wáyà náà sì lọ tààrà fún bíi 35 mm kó tó yí. Bí gíláàsì kéèsì bá ń tẹ̀ ẹ́, kéèsì náà ti kéré jù nìyẹn.

Ẹ má fi wáyà páwà sọ́pùláì kan sára òmíràn, kódà bí ilé iṣẹ́ kan náà bá ló ṣe méjèèjì. Ẹnu rẹ̀ lè wọ̀, kí iná inú rẹ̀ sì gba ibi tí kò yẹ. Báyìí ni SSD ṣe ń jóná lẹ́ẹ̀kan náà.

## Igbésẹ̀ 7: Kúlà àti kéèsì

Kúlà ló ń tu CPU lára. CPU kọ́ọ̀ 6 tàbí 8 kò nílò kúlà olómi. Kúlà onírin ńlá tó ní fáànù méjì á tù ú dáadáa, kò sì ní omi tó lè jò. Fún kọ́ọ̀ 16 tàbí 24 tó ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí púpọ̀, ẹ lọ fún olómi 360 mm.

Kéèsì tí iwájú rẹ̀ jẹ́ àwọ̀n ń mí dáadáa ju èyí tí gíláàsì dí lọ. Fáànù iwájú á máa fa afẹ́fẹ́ wọlé, ti ẹ̀yìn àti òkè á máa tì í jáde.

### Ẹ fi èyí yẹ àkójọ yín wò kí ẹ tó sanwó

- [ ] Sọ́kẹ́ẹ̀tì CPU àti ti bọ́ọ̀dù jẹ́ ọ̀kan náà
- [ ] BIOS bọ́ọ̀dù mọ CPU náà, tàbí ó ní Flashback
- [ ] DDR4 tàbí DDR5, RAM àti bọ́ọ̀dù bára mu
- [ ] Gígùn káàdì kò ju èyí tí kéèsì gbà lọ, kódà lẹ́yìn tí ẹ bá fi kúlà olómi síwájú
- [ ] Gíga kúlà onírin kò ju èyí tí kéèsì gbà lọ (ọ̀pọ̀ kúlà ńlá wà láàárín 155 sí 168 mm)
- [ ] RAM kò ga débi tí yóò fi gbún fáànù kúlà
- [ ] Wáyà tí káàdì fẹ́ wà lára páwà sọ́pùláì

Ojúlé PCPartPicker á bá yín wo púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí. Kò ní rí gbogbo rẹ̀, ẹ ṣì ní láti ka ìwé ìlò.

## Bí owó kò bá tó

Ẹ kọ́kọ́ dín iná mèremère, PCIe 5.0, kúlà olómi àti bọ́ọ̀dù olówó ńlá kù. Lẹ́yìn náà, ẹ mú CPU kọ́ọ̀ 6 orí AM5 báyìí, ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹ lè ra àlòkù kéèsì, kúlà àti CPU, yàtọ̀ sí Intel tí mo sọ lókè. Àlòkù káàdì ṣeé rà bí ẹ bá lè rí i tó ń ṣiṣẹ́ lójú yín fún bí ogún ìṣẹ́jú lábẹ́ géèmù tó wúwo. Páwà sọ́pùláì, tuntun ni kí ẹ rà.

## Nígbà tí ẹrù bá dé

Ẹ tú gbogbo rẹ̀ wò nígbà tí àkókò ìdápadà kò tíì kọjá, ẹ má kó o pamọ́ de káàdì tó máa dé lóṣù tó ń bọ̀. Kí ohunkóhun tó wọnú kéèsì, ẹ dán an wò lórí páálí bọ́ọ̀dù:

1. Ẹ fọwọ́ kan irin tí kò ní ọ̀dà kí iná ara yín lè bọ́ sílẹ̀.
2. Ẹ ṣí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Lórí AM5 àti Intel, àwọn irin tín-ín-rín wà nínú rẹ̀, bí ọ̀kan bá tẹ̀, bọ́ọ̀dù lè di ohun tí a ń jù nù. Ẹ wá àmì onígun mẹ́ta ní igun CPU, kí ẹ fi kọjú sí ti sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì gbé e lé e. Ẹ má tẹ̀ ẹ́.
3. Ẹ ki RAM wọlé títí ẹ ó fi gbọ́ “tá”.
4. Ẹ bó ọ̀rá tó wà nísàlẹ̀ kúlà kí ẹ tó gbé e lé CPU. Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé rẹ̀, CPU wọn á wá máa gbóná kọjá ààlà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.
5. Ẹ so wáyà iná bọ́ọ̀dù àti ti CPU, kí ẹ fi síkirínì sára bọ́ọ̀dù (bí CPU yín kò bá ní gíráfíìkì tirẹ̀, ẹ ki káàdì síbẹ̀ ná, kí ẹ fi síkirínì sára káàdì), kí ẹ sì fi ẹnu sikurudíráfà kan irin méjì tí wọ́n kọ PWR_SW sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti tan án.
6. Ẹ dúró. Ní ìgbà àkọ́kọ́, DDR5 lè gba ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó fi àwòrán hàn. Ẹ má pa á.

Bí BIOS bá ti fara hàn, ẹ tan EXPO tàbí XMP, ètò tó ń jẹ́ kí RAM sáré dé iyára tí wọ́n kọ sí i lára, torí láìsí i, RAM 6000 yín lè máa sáré ní 4800. Ẹ fi MemTest86 yẹ RAM wò mọ́jú. Bí àṣìṣe ẹyọ kan bá jáde nígbà tí EXPO wà, ẹ pa EXPO, kí ẹ tún yẹ RAM wò. Bí àṣìṣe bá tún jáde, ẹ dá RAM náà padà.

Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá ti wọnú kéèsì, tí káàdì sì ti jókòó, ara káàdì ni ẹ ó so síkirínì mọ́, kì í ṣe ara bọ́ọ̀dù mọ́. Kí ẹ sì wọ inú ètò síkirínì ní Windows láti yí 60 Hz sí iye tí síkirínì yín gbà, torí ó lè má dá a yí fúnra rẹ̀.